Nígbà Tí Ìyá Bàbá Mi Gbé Nàìjíríà Wá Sí Ẹ̀gbẹ́ Texas

Aláàmù èéfín ń ké lókè àjà, ẹja ń ta nínú òróró gbígbóná, àbúrò mi ọmọ oṣù mẹ́fà ń sunkún nínú àga rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi kò gbé orí sókè. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, wọ́n ti awò ojú wọn sí góńgó imú, wọ́n sì ń fi rọ́bà iléèwé mi pa Òkun Àtìláńtíìkì rẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí máàpù tí wọ́n yà.

"Grandma, ẹja ń jóná o!" Mo ti gun orí àga, mo ń fi aṣọ ìnura fẹ́ aláàmù náà kó lè dákẹ́.

"Bá mi pa iná rẹ̀, ìyá mi," ni wọ́n wí. "Ó kù díẹ̀ kí n dé èbúté Èkó."

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, òkun ti tán. Nàìjíríà ti kúrò níbi tó wà látọjọ́ pípẹ́, ó ti wá fara ti Texas bí ẹni tó yà kí aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá bàbá mi fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má wá lọ́wọ́ òfo."

Mo bi wọ́n léèrè ibi tí Mexico lọ. Wọ́n ní àwọn ti gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ India, torí àwọn méjèèjì fẹ́ràn ata, wọn ò ní ṣàìrí nǹkan bá ara wọn sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Houston ni wọ́n bí mi sí, apartment kan ní Westchase la sì ń gbé, ní òkè, tí àtẹ̀gùn onírin kan gbé wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo kan, màmá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, ìyá bàbá mi wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa tọ́jú rẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn lè fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo Áfíríkà sójú pátákó láìwo ìwé, kí àwọn sì máa bá ọmọ tó ń pariwo lẹ́yìn kíláàsì wí láìyíjú padà.

Ṣùgbọ́n Houston kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn, ìyá bàbá mi kò sì mọ mọ́tò wà. Lọ́jọ́ Sunday, a máa ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, inú yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ amúlétutù, àti ìró mọ́tò orí freeway tó ń hó ní ọ̀ọ́kán bí òjò tó ń bọ̀ tí kì í dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé, wọ́n bi mí bóyá ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta iṣu jìnnà. Mo ní wọn ò lè rìn débẹ̀ láéláé. Wọ́n wo ojú fèrèsé títí. Nígbà tó yá, wọ́n mú páálí tí oúnjẹ àárọ̀ mi tán nínú rẹ̀, wọ́n já a, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ó dáa. Tí ayé ò bá fẹ́ sún mọ́ mi, èmi á sún un."

Bí máàpù ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé wa nìyẹn. Abẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, wọn ò fẹ́ irin kékeré tí à ń ki pẹ́ńsù bọ̀ tí à ń yí. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn igi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ọkàn mi máa ń balẹ̀, torí òórùn yẹn àti káńfọ̀ inú ìró wọn ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tí mo bá ti iléèwé dé. Màá ju báàgì sílẹ̀, màá sáré lọ wo ìlú tó ti ṣí kúrò nípò lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé England sínú firísà, wọ́n kọ ọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀ pé "Ìlú Ẹ-Jọ̀ọ́-Ẹ-Má-Bínú." Wọ́n fi Ghana àti Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ìrẹsì jollof kan, olúkúlùkù di ṣíbí mú, wọ́n sì gbé Senegal sáàárín wọn, ó káwọ́ lẹ́rán, torí wọ́n ní òun gan-an ló ni ìrẹsì tí àwọn yòókù ń jà lé lórí. America ń jẹ́ "Ìlú Báwo-Ni." Wọ́n kọ lẹ́tà kéékèèké sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn."

Wọn ò yọ ilé sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ni màmá mi, nítorí náà ìyá bàbá mi fi òkun gaàrí yí gbogbo Ìjẹ̀bú ká, wọ́n sì ya ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ṣúgà wà nínú rẹ̀. Màmá mi rí i nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín nínú aṣọ nọ́ọ̀sì wọn.

"Mà, Ẹ̀gbá ńkọ́? Ẹ ò ya Ẹ̀gbá."

"Ẹ̀gbá wà níbi tó yẹ kó wà, ìyàwó mi. Kò sí ohun tí a fẹ́ tún ṣe níbẹ̀."

"Rárá o, mà. Ẹ ya Ẹ̀gbá."

Ìyá bàbá mi rojú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbá ti wà lórí páálí. Wọ́n ti yọ Àpáta Olúmọ kúrò, wọ́n sì fi òkèlè làfún kan tó tóbi rọ́pò rẹ̀, tí èéfín ń jáde lára rẹ̀, tí àwọn àlejò sì tò sídìí rẹ̀ láti gùn ún. Bàbá mi, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ilé wa gan-an, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ará Vietnam ni wọ́n. Kíláàsì kan náà ni èmi àti ọmọ náà wà, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ó máa ń gun àtẹ̀gùn wá bá mi lójoojúmọ́, á jẹ dòdò, ìyá bàbá mi á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún èékánná ṣe ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Màmá mi sì ti mú ìyá bàbá mi lọ sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí, ní Uptown, ará Vietnam ni gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá bàbá mi dé ibi Vietnam lórí páálí tó tóbi jù lọ, wọ́n ya àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n kun èékánná ìka márààrún ní àwọ̀ márùn-ún. Ó dùn ún wò. Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú wa.

Kò pẹ́ sígbà náà, tíṣà wa ní iléèwé ní kí kálukú mú nǹkan wá láti fi ìlú àwọn òbí rẹ̀ hàn. Àwọn kan mú àsíá wá, àwọn kan mú oúnjẹ. Èmi ká páálí ńlá náà sínú báàgì mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo kíláàsì sì pé lé e lórí, kálukú ń wá ìlú tirẹ̀, mo dúró níwájú wọn bí ọba. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọmọ kan fi ìka tọ́ka sí Vietnam. "Ẹ wò ó, èékánná!" Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Jọ̀ọ́, ṣé wàá kun tèmi?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín. Bóyá torí pé gbogbo wọn ń rín, bóyá torí pé máàpù mi ni wọ́n ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kò sunkún. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí ìjókòó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ náà wà títí aago fi lù pé ká máa lọ sílé.

Kò jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Kò gun àtẹ̀gùn wá lọ́jọ́ náà, kò wá lọ́jọ́ kejì, kò sì wá lọ́jọ́ kẹta.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?" ni ìyá bàbá mi bi mí. Wọ́n ń gbẹ́ pẹ́ńsù.

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Mo rí i láti ojú fèrèsé láàárọ̀ yìí. Ó ń sáré."

Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí báàgì dé orí ẹ̀rín. Ìyá bàbá mi gbé abẹ sílẹ̀. Wọn ò pariwo, bẹ́ẹ̀ ariwo ni mo ti múra sílẹ̀ fún. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ gbá èérún igi pẹ́ńsù jọ sójú kan lórí tábìlì.

"Ṣé ìyá rẹ̀ ti gbọ́?"

"Mo rò pé ó ti gbọ́."

"Wọ́n ti gbọ́," ni wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo yà á."

"Èmi ni mo gbé e lọ, Grandma."

"Àwa méjèèjì la máa lọ nígbà náà."

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí ìyá wọn má yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn á bá obìnrin náà sọ ọ́ lórí fóònù.

"Ṣé fóònù ló yà á ni?" ni ìyá bàbá mi fèsì.

Ní àárọ̀ Saturday, wọ́n wọ ìró àti bùbá tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wé gèlè. Wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń sọ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á tún sọ̀. Mo gbé pẹ́ńsù àti páálí kan tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí tẹ̀lé wọn. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo ìyá bàbá mi, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́ kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dúró gbọnrangandan.

A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ilé náà ń ta sánsán, ìyá bàbá mi sì fa imú. "Koríko ọba!" ni wọ́n wí fún mi ní Yorùbá. "Wọ́n ń se koríko ọba. Ẹ wo ibi tó dé!" Ṣùgbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ mi ti jáde láti ilé ìdáná, ojú rẹ̀ le, ẹ̀rín sì kúrò lójú wa.

Gẹ̀ẹ́sì tíṣà ni ìyá bàbá mi fi sọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde ketekete. Ọ̀rẹ́ mi ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìgbé ojú sókè.

"Mo ya àwòrán kan, mo sì fi tàbùkù yín. Ọmọ mi gbé e lọ síta, wọ́n sì fi ọmọ yín ṣẹ̀sín. Èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Èmi náà bẹ̀bẹ̀ tèmi. Ìyá ọ̀rẹ́ mi wọ yàrá lọ, ó sì gbé fọ́tò kan jáde, ó fi lé ìyá bàbá mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ funfun gígùn, níwájú pátákó dúdú. Àwọn ọmọ kéékèèké tò lórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn fèrèsé, odò kan wà.

"Tíṣà ni mí," ni obìnrin náà sọ fúnra rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, láìdúró de ọmọ rẹ̀. "Ọmọ ogójì nínú kíláàsì. Ẹ ò bi mí rí."

Ìyá bàbá mi wo fọ́tò náà títí. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. "Èmi náà, tíṣà ni mí," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ gan-an. "A ti wà nínú ilé kan náà láti oṣù mẹ́fà. Ẹ wà nísàlẹ̀, mo wà lókè. Òótọ́ ni, mi ò bi yín."

Wọ́n wá na pẹ́ńsù àti páálí sí i. "Ẹ ya tiwa. Bí ẹ ṣe rí wa gẹ́lẹ́ ni kí ẹ yà á."

Obìnrin náà mi orí. Ó ní òun ò mọ àwòrán yà, àti pé kò sí máàpù tí òun fẹ́. Ìyá bàbá mi kò bá a jiyàn. Wọ́n gbé páálí náà sórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, wọ́n kí i, a sì jáde. Ìdajì àtẹ̀gùn ni wọ́n ti jókòó láti sinmi.

"Ṣé wọ́n ti dárí jì wá?" ni mo bi wọ́n.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ní Monday, mo dìde níwájú kíláàsì, mo sọ pé mi ò gbàṣẹ kí n tó mú máàpù náà wá, pé ìyá ọ̀rẹ́ mi, tíṣà ni, àti pé kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó na ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí ìjókòó tó wà níwájú mi nínú bọ́ọ̀sì, kì í ṣe èyí tó jìnnà.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí a tó bá páálí náà lẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n fi ti ògiri. Nàìjíríà ló wà lójú rẹ̀, ó sì ti di orí ènìyàn kan tó ní ẹnu gbàǹgbà. Fóònù wà létí rẹ̀, èéfín ń rú lágbárí rẹ̀, aláàmù ń ké lókè. Ẹsẹ̀ ńlá méjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń tẹ orí obìnrin kékeré kan tó ń gbìyànjú láti sùn.

Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ojú wọn yí padà. "Ṣé bí wọ́n ṣe rí wa nìyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ wa nìyẹn," ni ìyá bàbá mi wí. Ẹ̀rín sì gbé wọn. Wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ń na ìka sí ẹsẹ̀ náà, wọ́n ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn! Ẹsẹ̀ rẹ láàárọ̀ kùtù!" Ni bàbá mi bá bojú wo bàtà iṣẹ́ wọn, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. A sì ń ṣí fèrèsé ká tó din ẹja.

Ìyá bàbá mi lẹ máàpù náà mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí gbogbo àlejò á ti rí i. Ní Saturday tó tẹ̀lé e, ìyá ọ̀rẹ́ mi gbé àga kékeré kan jáde sídìí àtẹ̀gùn, ó gbé ìkejì tì í, ó sì gbé ife koríko ọba méjì wá. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí láti ìgbà náà. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò pọ̀ fún ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní pẹ́ńsù. Wọ́n jọ ya Vietnam lọ́tun: odò, pátákó, obìnrin kan nínú aṣọ funfun. Wọ́n gbé Abẹ́òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ya obìnrin kejì tó wé gèlè, àwọn tíṣà méjèèjì sì ń na ìka sí ọmọ aláriwo kan náà tó jókòó sórí ààlà. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé èmi ni ọmọ aláriwo náà. Mi ò jiyàn. Ó ti padà ń jẹ dòdò wa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì nínú kíláàsì láìwo ẹ̀yìn, mo sì máa ń rí i.

Nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí daycare, ìyá bàbá mi padà sí Abẹ́òkúta. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló di gèlè wọn sínú àpótí, ó ká a dáadáa bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀rẹ́ mi àti ìyá rẹ̀ náà kó lọ sí ìlú mìíràn nígbà tó yá. Ìyá bàbá mi dolóògbé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mi ò rí wọn kí wọ́n tó lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Mi ò jogún ọwọ́ wọn. Tí mo bá ya Áfíríkà, bí ànàmọ́ ló ṣe máa ń rí. Nọ́ọ̀sì ni mo di, bíi màmá mi, Houston yìí náà ni mo wà, láàárín àwọn aláìsàn tó ti gbogbo ayé wá. Àwọn èèyàn ibi iṣẹ́ mi máa ń fi máàpù apanilẹ́rìn-ín ránṣẹ́ lórí fóònù, èyí tí wọ́n ti pe ìlú kan ní ìlú ọ̀lẹ, tí wọ́n pe òmíràn ní ìlú àwọn gbájú-ẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí òmíràn dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ yàrá aláìsàn mọ́ kí n má béèrè iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe nílùú rẹ̀ kó tó dé ibí. Kò sí nínú fọ́ọ̀mù wa. Èmi ni mo fi kún un.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wá láti Honduras, ó rù, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kù nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Mo pe ògbufọ̀ lórí fóònù, mo ní kó bá mi béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá náà kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó gbé ara sókè lórí ìrọ̀rí, ó ní réfírì bọ́ọ̀lù ni òun, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é ní agbègbè àwọn, àwọn ọkùnrin sì máa ń bẹ̀rù òun. Ó rí i pé mo ń ṣiyèméjì. Ó fi ìka méjì sẹ́nu, ó sì súfèé kan tó mú gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́ pátápátá, tí dókítà tó ń kọjá lọ fi dúró gbagidi bí agbábọ́ọ̀lù tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.